Ìgò Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fúláwà

Ojú wíńdò ilé ìdáná àwọn Tiwalọlá ni mo ti rí ìgò náà. Ìgò bíráńdì ni, ó rí pẹlẹbẹ, bébà ara rẹ̀ tó ti ya díẹ̀ ṣì gbé àwòrán èso àjàrà, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń dán. Ẹ̀gbẹ́ abọ́ fúláwà ló dúró sí. Tiwalọlá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́nu. Ó gbé ìgò yẹn, ó sì dà nínú rẹ̀ sórí kókó àti ṣúgà tó ti pò pọ̀.

Ó yẹ kí n kan ilẹ̀kùn. Màmá mi ló rán mi pé kí n béèrè bóyá kéèkì yóò tètè jinná. Dípò bẹ́ẹ̀, mo yí padà, mo rọra gba ẹ̀yìn ọgbà wọn lọ bí olè.

Ọjọ́ kejì ni wòlímọ̀ Mahmud, àbúrò mi ọkùnrin. Tiwalọlá sì ni ọ̀rẹ́ mi láti pírámárì. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín tiwa àti tiwọn ní Barnawa, ní Kaduna. Mùsùlùmí ni wá, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Tiwalọlá kì í ta kéèkì ṣokoléètì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ń yan án fún, nínú ìkòkò ńlá tó da iyanrìn sí nísàlẹ̀, lórí iná èédú. Mahmud ti sọ fún un pé bí òun bá ka Kùránì òun tán, kéèkì rẹ̀ nìkan ni ẹ̀bùn tí òun fẹ́.

Ọjọ́ náà, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Kí ló dé tí kò pè mí kí n wá bá a po ó bí a ti máa ń ṣe? Kí ló dé tó ní tọ̀tẹ̀ yìí yóò rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Kéèkì tí mo jẹ nílé wọn nígbà Kérésìmesì ńkọ́? Bí mo ṣe ń rò ó ni ọ̀rẹ́ mi ń yí padà di ẹlòmíràn lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kéèkì náà wá, alájà mẹ́ta, eérú èédú ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo gbóòórùn kéèkì náà. Ọtí ni mo gbọ́, èmi tí n kò gbóòórùn bíráńdì rí láyé mi.

"Àdíját, kí ló dé tí o ń wò mí báyìí?" ni ó bi mí.

"Kò sí nǹkan," ni mo dá a lóhùn.

Ó ti lọ wẹ̀ nígbà tí mo fa Ganiat, ọmọ àbúrò bàbá mi, sí kọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, mo sì ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ẹnu Ganiat dáadáa. Kí n má purọ́, ìdí tí mo fi sọ fún un gan-an nìyẹn.

Mahmud kéwú láìṣì í kà, àwọn àlùfáà ṣàdúà, ìrẹsì jáde, máásà tí wọ́n fi ìrẹsì lílọ̀ dín jáde, wọ́n sì tán. Kéèkì nìkan ló dúró lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ọmọ kékeré kan na ọwọ́ sí i, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Tiwalọlá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú gèlè tó wé nítorí tiwa. Ó ń wo ojú àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan tèmi, mo sì gbé ojú kúrò.

Màmá Rigasa, ìyá bàbá mi tó wá láti Rigasa, ló béèrè ìdí tí ẹnì kankan kò fi jẹ kéèkì. Ìyá Ganiat sọ ọ́ sí i létí. Etí Màmá kò sì gbọ́ dáadáa mọ́, ó ní kó tún un sọ. Nígbà kẹta, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ: "Wọ́n ní ọtí wà nínú rẹ̀, Màmá!"

Màmá béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn lọ sọ́dọ̀ Ganiat, Ganiat sì wò mí. Mo dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ ìgò tí mo rí.

"Ìgò pẹlẹbẹ tó ní àwòrán àjàrà lára?" ni Màmá wí. "Èmi ni mo fún un lọ́jọ́bọ̀ tí mo dé. Òróró ẹ̀pà mi ni. Ó fẹ́ sanwó, mo ní wallahi n kò ní gba kọ́bọ̀ lórí wòlímọ̀ ọmọ-ọmọ mi."

Ẹ̀rù òtítọ́ yẹn bà mí ju ìbáwí lọ. Gbogbo àwọn tó ń ta òróró ẹ̀pà ní Kaduna, tó fi mọ́ Màmá, ló ń ra ìgò òfìfo lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa ìgò, tí wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á rọ òróró sínú rẹ̀. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ méjì wà nílé ìdáná tiwa. Inú wọn ni mo ti ń da òróró tí mo fi ń dín ẹyin láti kékeré. Nílé wa, òróró ni mò ń rí. Nílé Tiwalọlá, ọtí ni mo rí.

Màmá gé kéèkì, ó jẹ ẹ́, ó tún gé. Ìgbà náà ni wọ́n rọ́ bò ó, kò sì pẹ́ tó fi tán. Tiwalọlá kò dúró wò ó. Ó ti ká gèlè rẹ̀ sórí àga, ó ti lọ.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ti gbọ́, òun ti gbàgbé. Mo sunkún, òun kò sunkún.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó tún yan kéèkì ṣokoléètì fún mi. Ó kọ́kọ́ pè mí sí ilé ìdáná. Ó ti to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì: fúláwà, kókó, ẹyin, ṣúgà, àti ìgò òróró tó ti ṣí ìdérí rẹ̀.

"Wò ó dáadáa kí n tó pò ó," ni ó wí.

Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń kí mi káàárọ̀. Ì bá dùn mọ́ mi kó bú mi. Ẹ̀yin ojúgbà mi, bí ara bá ń fu yín sí ẹnì kan, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sọ fún ẹlòmíràn. Kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi kò béèrè, ó sì ti di ọdún kejì báyìí tí Tiwalọlá kì í yan kéèkì fún ilé wa láìkọ́kọ́ ṣí ìgò náà fún mi.