Ìrù Ológbò Náà Wọ́

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, tó gbé ìdì pépà lé èjìká. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mi, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, dìde lẹ́ẹ̀kan náà, gọ́ọ̀mù sì wà ní gbogbo ìka wọn.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí," ó ní. "Ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́yìn yín níbí ni mo ti ń bọ̀. Èmi ni mo máa ń gé ìwé níbẹ̀, tí mo sì ń dì í pọ̀. Àwọn àjẹkù pépà yìí, à ń dà wọ́n nù ni. Mo ní kí n bi yín bóyá wọ́n á wúlò."

Mo na ọwọ́ gbà á, ìka mi sì lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni o, kì í ṣe ìfẹ́. Ìfẹ́ dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

"Àǹtí Gọ́ọ̀mù ti mú Bọ̀ọ̀dá Onípépà!" Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó níwájú ló kígbe bẹ́ẹ̀. Akáyín ni mo máa ń pè é, torí eyín iwájú rẹ̀ ti ká tán, kò sì ní ìjánu lẹ́nu rárá. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, orúkọ méjèèjì sì mọ́ wa lára.

Láti ọjọ́ yẹn, kò pa Ọjọ́ Ẹtì kan jẹ. Yóò jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, yóò máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ pépà po. Bí ilé-ìwé bá jáde, yóò sìn mí délé. "Dúdú mi" ló máa ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Màámi náà fẹ́ràn rẹ̀. Aránṣọ ni Màámi, pálọ̀ wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú lásán ló fi ń wọn èèyàn. "Ọmọ yìí ní sùúrù," ó ní. "Tètè fẹ́ ẹ kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ."

Oṣù kejì ni ọ̀rọ̀ já. Àwọn ọmọ ń gé pépà lọ́wọ́, òun náà ń wò wọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti fi mí ṣe adájọ́ irú iṣẹ́ báyìí rí, ní ìdíje àwọn ilé-ìwé, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ní torí pé mo mọ pépà. Adìyẹ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó dára gan-an! Ṣùgbọ́n àgbà ló gé e. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́tà adìyẹ yẹn wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. "Ọwọ́ àgbà wà nínú iṣẹ́ yìí. A ti yọ ọ́ kúrò." Kò sí orúkọ adájọ́ lórí rẹ̀. Nítorí lẹ́tà yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé ńlá tí mo wà nígbà náà ṣe pè mí ní òpùrọ́ lójú àwọn òbí, tó sì lé mi. Ọmọ tó gé adìyẹ sunkún títí tó fi bì. Odidi ọdún méjì ni mi ò rí ilé-ìwé tó máa gbà mí, mo wá ń rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi.

Mi ò sì fọwọ́ kan adìyẹ náà! Nínú iṣẹ́ tèmi, òfin kìíní nìyẹn: olùkọ́ kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ọmọ. Bó bá wọ́, kó wọ́. Ọmọ ló ni ín.

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí.

"Iṣẹ́ adájọ́ mà le o," mo ní, mo sì bá a rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo ti pinnu pé màá gbẹ̀san.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, mo ní, "Ìfẹ́ mi, jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ wá wo iṣẹ́ mi ná, lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe àfihàn ìparí sáà." Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìyá òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin á wá, pé ọ̀gá òun náà á wá. Mo ní kí gbogbo wọn máa bọ̀.

Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gé ohun kan tó ń gbé nílé wọn. Akáyín gé ológbò wọn. Ìrù rẹ̀ wọ́ lọ sí apá kan, torí ìrù ológbò náà ti há sẹ́nu ilẹ̀kùn rí. Ọmọ kékeré kì í fa sísọ́ọ̀sì lọ gbọọrọ. Ńṣe ló máa ń pa ẹnu rẹ̀ dé, yóò ṣí i, yóò tún pa á dé, etí pépà á wá rí ṣákaṣàka. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò, ìyẹn ló ń wò.

Ọmọ kan wà tí àìsàn kò jẹ́ kó wá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo mú sísọ́ọ̀sì ọmọdé, mo fi ọwọ́ òsì gé ẹyẹ kan, mò ń pa ẹnu sísọ́ọ̀sì dé, mò ń ṣí i, mo yọ ahọ́n síta bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Orúkọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ni mo kọ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo kó gbogbo iṣẹ́ lọ sílé, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì ìránṣọ Màámi kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ. Tábìlì yẹn nìkan ló fẹ̀ tó nílé wa. Ibẹ̀ náà ni mo tẹ́ adìyẹ sí lọ́dún yẹn.

Ọjọ́ pé. Àwọn òbí jókòó kún kíláàsì, Màámi wà lẹ́yìn, ìyá Bọ̀ọ̀dá Onípépà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Àwòrán mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹyẹ mi nìkan ni mo ń wò. Mo dìde.

"Ẹ káàbọ̀ o. Àlejò wa yìí mọ pépà, ó ti ṣe adájọ́ rí. Ẹ jẹ́ kó bá wa wò ó. Ṣé ọwọ́ àgbà wà nínú èyíkéyìí?"

Ó rò pé eré ni. Ó ń lọ láti orí ọ̀kan sí èkejì, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ níbi ológbò Akáyín. Ó wò mí. Ó wo ológbò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọjá. Nígbà tó dé ibi ẹyẹ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò sí o," ó ní. "Ọwọ́ ọmọdé ni gbogbo rẹ̀."

Mo já ẹyẹ kúrò lára ògiri. "Ọwọ́ mi ló gé èyí! Ọwọ́ òsì mi!" Mo fa lẹ́tà yọ, mo kà á sókè, mo sì sọ ohun tí ojú mi rí, àti pé láti oṣù mẹ́ta ni mo ti mọ̀ pé òun ni adájọ́ náà. "Adájọ́ tí kò mọ ọwọ́ àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé! Ìwọ lo ba orúkọ mi jẹ́!"

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó dùn mọ́ mi dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìwọ ni olùkọ́ yẹn?" ó bi mí.

"Èmi ni!"

Ó tọ́ka sí ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ mi. "O mú mi lórí ẹyẹ, mo gbà." Ó padà síbi ológbò. "Ṣùgbọ́n mo rí èyí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ni, kí ọmọ kan má baà tún sunkún, kí ojú má sì tì ọ́ níwájú ìyá mi. Ẹni tó gé ìrù yìí kò pa ẹnu sísọ́ọ̀sì dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ńṣe ló fà á lọ gbọọrọ. Bí wọ́n ṣe gé adìyẹ yẹn náà nìyẹn."

"Irọ́ ni! Ẹyẹ yẹn nìkan ni mo gé síbẹ̀!"

Akáyín ti dìde, ó lọ dúró níwájú ògiri. "Àǹtí, ológbò mi kọ́ nìyí. Ìrù tèmi wọ́. Ta ló tún un ṣe?"

Ohùn kékeré kan wá láti ẹ̀yìn.

"Ṣebí mo kàn tún etí rẹ̀ ṣe ni."

Mo yíjú. Màámi ni.

"Adìyẹ ńkọ́, Màámi?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí wúruwùru, ọmọ mi. Iwájú àwọn èèyàn ńlá ni wọ́n ń gbé e lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ọdún méjì ni mo fi rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín! Ẹ ò sọ nǹkan kan!"

"Ẹ̀rù bà mí."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìyá Bọ̀ọ̀dá Onípépà dìde. Kò pariwo. "Ọmọ mi, oṣù mẹ́ta ló fi ń bá ọ rẹ́rìn-ín, tí lẹ́tà yìí wà nínú báàgì rẹ̀. Ṣé irú ẹni tí o fẹ́ máa sùn tì nìyí? Ó yá, ká lọ." Ó sì tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá a nílé ìtẹ̀wé. Ó dúró ti ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gé ìwé.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni," mo ní. "Mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́."

"Mi ò bínú nítorí ẹyẹ. Iṣẹ́ gidi ni ẹyẹ yẹn."

"Kí ló wá dé?"

"Ọjọ́ tí mo bá wá ṣẹ̀ ọ́ ní tòótọ́ ńkọ́? Báwo ni màá ṣe mọ̀? Ẹ̀rín kan náà ni wàá máa rín sí mi."

"Ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ, dúdú mi. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí." Ó na ọwọ́. "Lẹ́tà yẹn dà?"

Mo fún un. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó to àwọn ègé náà pọ̀, ó sì fi okùn dì wọ́n. "Fún àwọn ọmọ," ó ní. "Ó dàbọ̀, Àǹtí Gọ́ọ̀mù."

Ẹ̀san tí mo sè fún oṣù mẹ́ta, èmi nìkan ló kù tó ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi bá Màámi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ronú kan ohun tí ìbínú ti gbà lọ́wọ́ mi, mo sì kí i káàárọ̀.

Nígbà tí a wọlé sáà tuntun, Màámi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí kíláàsì láti bẹ Akáyín. Ọjọ́ Ẹtì ni. Pépà ti dé, ṣùgbọ́n dírẹ́bà ilé ìtẹ̀wé ló gbé e wá.

Akáyín gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà tán bí àgbà. "Ó dáa, Màmá. Ẹ jókòó síbí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Ó ṣa pépà títí, ó wá mú ọ̀kan nínú àwọn ègé lẹ́tà yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìrù. Ó pa ẹnu sísọ́ọ̀sì dé, ó ṣí i, ó tún pa á dé. Ọwọ́ Màámi ń yún un. Mo rí i tó rọra ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan rẹ̀, ó sì jókòó lé wọn.

Ìrù náà jáde, ó wọ́ lọ sí apá kan, "ọwọ́ àgbà" sì ṣì hàn lára rẹ̀ díẹ̀.

"Ó ti wọ́ báyìí," Akáyín ní. "Ó ti padà di tèmi. Àǹtí, gọ́ọ̀mù dà?"

Mo gbé gọ́ọ̀mù sún mọ́ ọn.