Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ara Kọjú Ìjà sí Onílé

Òkìkíọlá, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà, ń fi bírò pupa máàkì ìwé àwọn ọmọ nígbà tí ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó fọwọ́ bo tòsì. Pupa ti di àwọ̀ eérú.

Ìyá rẹ̀, Àpínkẹ́, gbé àgbo wá láti Baṣọ̀run. “Mu ún, ó ń fún ọmọ ogun ara lágbára.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú là. Ta ni yóò tún bá ìyá jiyàn? Luke, ọkọ Òkìkíọlá, ní kí àwọn ṣì lọ sílé ìwòsàn.

“Luke, ara ẹni tó ti yá, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ dókítà?” Àpínkẹ́ dá a lóhùn.

Wọn ò lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Òkìkíọlá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní àdúgbò Challenge, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ̀ ọ́.

Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, Dókítà Oyèkànmí fi àwòrán ọpọlọ rẹ̀ hàn wọ́n, ó kún fún àmì funfun.

“Ta ló ṣe èyí fún ọmọ mi?” Àpínkẹ́ bèèrè.

“Àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ni, Mà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé, kòkòrò àrùn ló yẹ kí wọ́n máa pa. Nínú àìsàn yìí, multiple sclerosis, wọ́n á wọ inú ọpọlọ, wọ́n á máa bó ohun tó bo àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara. Ẹ mọ rọ́bà ara wáyà iná? Bó bá bó, iná ò ní dé gílóòbù dáadáa.”

Àpínkẹ́ wo ọmọ rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. “Ara ọmọ tí mo lóyún rẹ̀ yìí? Ó ń bá ara rẹ̀ jagun, a ò gbọ́ ariwo kankan? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà lóòótọ́. Dókítà, ṣé èmi ni mo ń fi àgbo bọ́ wọn?”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀, Mà. A ò tíì mọ gbogbo ohun tó ń fà á. Àgbo kọ́ ló la ojú náà. Ara máa ń tún díẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ó ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ṣùgbọ́n àìsàn náà dákẹ́ ni, kò lọ. Oògùn wà tó ń kó àwọn ọmọ ogun náà níjàánu. Kò ní wo àìsàn náà sàn tán, àmọ́ ó ń dín ìkọlù kù. Àkókò tá a pàdánù ló dùn mí.”

Ẹsẹ̀ òsì padà bọ̀ sípò. Ọ̀tún ò padà tán; ọ̀pá ni Òkìkíọlá fi ń wọ kíláàsì báyìí. Ìyá rẹ̀ kì í lè wò ó lójú tó bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, bí ojú kan bá ṣàdédé ṣú, tàbí tí ẹsẹ̀ kú tìpìrì, ẹ tètè lọ rí dókítà. Bó bá yá fúnra rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì ṣì lọ. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹsẹ̀ ṣe.