Méjì Ni Mo Kọ

Ẹni tó bá fẹ́ pe ìtàn yìí ní irọ́, ọ̀nà Òkokomáíkò ò jìnnà. Kó wọ ṣọ́ọ̀bù tí Sherif ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé, kó bi í pé kí ló dé tó fi so tírà mọ́ maṣíìnì rẹ̀. Sherif yóò kàn na ìka mẹ́ta sókè, yóò sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀dọ̀ Mofẹ́olúwa Àyàndélé, lọ́yà ọ̀rọ̀ ẹbí, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run fún un ní ọpọlọ, kò tíì fún un ní ọ́fíìsì. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìbà ló ti ń gba oníbàárà. Bí obìnrin kan bá ń sunkún pé òun fẹ́ kọ ọkọ òun, àwọn tó ń dirun lọ́wọ́ á ti dá ẹjọ́ náà kí lọ́yà tó ṣí ìwé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ kan wá síbẹ̀ láti sọ tẹnu tirẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ló dìde sí i pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ò padà wá mọ́.

Ìdí nìyí tí Mofẹ́ fi ń fi ojú méjèèjì wá Ẹ̀bùn Àròkọ Ìrántí Agbẹjọ́rò Àdìsá Adébọ̀wálé. Ogójì ọdún ni olóògbé yìí fi parí ìjà ogún káàkiri Ọ̀jọ́. Ó kọ ìwé ìhágún fún olówó, ó kọ fún tálákà, ó kú láì kọ tirẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹbí dá ẹ̀bùn náà sílẹ̀ fún lọ́yà ọ̀rọ̀ ẹbí tí kò tíì pé ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá gbégbá orókè, ọdún mẹ́ta gbáko ni yóò fi lo ọ́fíìsì olóògbé ní Igbó-Elérin lọ́fẹ̀ẹ́, tìwé-tìwé. Oṣù tó ń bọ̀ sì ni Mofẹ́ yóò pé ọdún méje. Bí èyí bá bọ́, ó di òun àti àwọn olóòyà títí ayé.

Àròkọ rẹ̀ dá lórí bí Yorùbá ṣe ń pín ogún. Ṣé orí-ò-jorí ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba? Àbí ìdí-igi ni, kí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan para pọ̀ gba ìpín kan? Ó wá fi àpẹẹrẹ sí i: "Bí ọkùnrin kan bá kú, tó fi ìyàwó méjì tó bímọ fún un sílẹ̀, ìdí-igi méjì ni."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kásẹ̀ ìdíje nílẹ̀, ní aago méjì ọ̀sán, ó gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ Sherif. Maṣíìnì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mofẹ́ kà á. Ó tún un kà.

"Sherif, ta ló ní kó o yí i?"

"Yí kí ni, Àǹtí Lọ́yà?"

"Méjì ni mo kọ. Mẹ́ta ló wà níbí."

Sherif wo ojú kọ̀ǹpútà. Méjì ló wà níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀, mẹ́ta ló jáde. Ó pa maṣíìnì, ó tàn án, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń jí ọ̀lẹ. Mẹ́ta. Nínú odindi ojú ewé mẹ́wàá, kò sí nǹkan mìíràn tó yí padà.

Bí wọ́n ṣe mú iná lọ nìyẹn.

Fáànù dúró. Ẹ̀rọ ìlọta tó wà níwájú ìta dákẹ́. Ọ̀nà márosẹ̀ pàápàá, tí kì í sinmi ariwo, ó dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, maṣíìnì tí kò níná fa ìwé kan wọnú. Ó rọra ń fà á. Kír. Kír. Kír. Ìwé náà já bọ́ sílẹ̀. Òórùn Rọ́ọ̀bù gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan sì húkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, ikọ́ àgbàlagbà.

"Sherif, wá oògùn lò sí ikọ́ yẹn," ni Mofẹ́ wí.

"Èmi kọ́ ni mo húkọ́ o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kọ́."

Wọ́n jọ ń wo ìwé tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó pẹ́, Sherif fi rúlà yí i padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀: mẹ́ta.

Òfin ìdíje ò sì gba kí wọ́n fi bírò tún nǹkan kan ṣe. Aago mẹ́rin ni wọn yóò tilẹ̀kùn. Mofẹ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Àpẹẹrẹ ṣáà ni. Bó jẹ́ méjì, bó jẹ́ mẹ́ta, ta ni yóò kú sí i? Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè é pé òun ló gbégbá orókè. Àwọn onídìrí jó débi pé wọ́n gbàgbé ẹnì kan sábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun.

Ọ̀sán Fúráídè ni wọ́n ṣe ayẹyẹ náà ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀jọ́. Ẹni tó gba ẹ̀bùn ni yóò ka àròkọ rẹ̀ sétí ẹbí àti àlejò. Ìfẹ́, àkọ́bí olóògbé, ló ń ṣe kòkáárí ètò. Ó fa Mofẹ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wà ní ìka rẹ̀, ó ń fì í.

"Lọ́yà, ẹ kú oríire. Àmọ́ níbi 'mẹ́ta' yẹn, ẹ bá wa kà á sí méjì."

"Ṣé kò sí o, Mà?"

"Méjì làwa. Màmá mi, àti ìyàwó kejì, Ìyá Ọpẹ́olúwa. Lọ́la la fẹ́ pín ilé bàbá wa ní Ìbà. Mi ò fẹ́ kí aráyé máa fi àpẹẹrẹ yín wá ìdí wa." Kọ́kọ́rọ́ náà dún. "Ẹ ka méjì, kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́."

Ojú ti Mofẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Ká sòótọ́, ṣebí méjì náà ló kọ́kọ́ kọ.

Ó bọ́ sórí pèpéle, ó ń kà á lọ geere. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó gbẹ́nu sún mọ́ máìkì. "Tó fi ìyàwó méjì..."

"Mẹ́ta," ni sípíkà wí.

Ohùn Mofẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó níwájú rí i ní ètè rẹ̀ pé méjì ló pè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní méjì," ni Mofẹ́ wí.

"Mo ní mẹ́ta," ni sípíkà wí.

Oní-sípíkà sáré fa wáyà yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i pé ẹ̀bi òun kọ́. Mofẹ́ ju máìkì sílẹ̀, ó fi ọ̀nà ọ̀fun pariwo: "Méjì!"

Fáànù dúró lókè. Sípíkà tí kò ní wáyà húkọ́.

"Mẹ́ta," ó wí, jẹ́jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ohùn Mofẹ́ mọ́.

Ìyá Ìfẹ́, ìyáálé olóògbé, di àga rẹ̀ mú. Òun ló mọ ikọ́ yẹn. Òun ló sì mọ ẹni tí kì í wọ ilé ẹjọ́ láì tíì fi Rọ́ọ̀bù pa imú.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn pátápátá, obìnrin kan tó wọ híjáàbù dìde. "Ta ló sọ fún yín?" ó bèèrè.

Ìyá Ṣàkírát ni, tó ń ránṣọ ní Àjàngbàdì. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó béèrè ọmọ ta ni. Iwájú orí olóògbé ló gbé sójú, títí kan ibi tí irun ti fẹ́ẹ́ pá.

"Mi ò wá jà o. Wọ́n fi ìwé pè mí ni."

Ìfẹ́ já ìwé náà gbà. Sherif ló tẹ ìwé ìpè, ọgọ́rùn-ún péré ló sì tẹ̀, tòun ti nọ́mbà. Nọ́mbà tó wà lórí èyí jẹ́ ọgọ́rùn-ún ó lé kan. Sherif, tó ti ń retí ìrẹsì látàárọ̀, dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó bá ilé lọ.

Ìyáálé rìn lọ bá obìnrin náà. Ó wò ó títí.

"Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá?" ó bèèrè.

"Sátidé ni, Mà."

"Ó máa ń sọ fún mi pé ìpàdé àwọn lọ́yà ni."

"Ó ní kí n ní sùúrù, òun máa kọ orúkọ wa sínú ìwé ìhágún."

Ìyáálé bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an ni, ẹ̀rín náà ló sì rí ṣe. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìfẹ́, ó fi lé Mofẹ́ lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi. Bó ṣe wà nínú ìwé ló wà. Lọ́la, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ wá bá ẹ. Ìwọ lo máa pín ilé náà."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Mofẹ́ gbá ọ́fíìsì tuntun rẹ̀, ó ń kọrin. Ó to àga mẹ́ta síwájú tábìlì. Kò sí òmíràn nínú yàrá náà ju èyí tó wà fún òun fúnra rẹ̀. Aago mẹ́wàá lù, àwọn ìyàwó mẹ́ta wọlé, wọ́n jókòó, wọn ò wo ara wọn lójú. Mofẹ́ kọ̀yìn sí wọn láti mú ìwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yíjú padà, àga mẹ́rin ló wà níwájú tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ìyẹn wọlé?"

Ìyá Ọpẹ́olúwa fi ìborùn bo imú nítorí òórùn Rọ́ọ̀bù. Níta, bàtà obìnrin ń dún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò kánjú. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó kan ilẹ̀kùn.

Ìyáálé gbójú sókè wo àjà. "Àdìsá," ó wí, "kí ló dé tó ò sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ẹnì kan húkọ́ nínú yàrá. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.