Ìlà Mẹ́sàn-án

Ìjà ni Samiratou àti Géraud fi bẹ̀rẹ̀. Samiratou wálé láti Kútọnu wá bá àwọn òbí rẹ̀ ṣọdún ní Ìfọ̀nyìn, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wálé. Connexion íńtánẹ́ẹ̀tì ilé kò dára, ló bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù photocopie tó wà lẹ́bàá ọjà. Ọ̀dọ́kùnrin gbọọrọ kan ti jókòó síbi kan ṣoṣo tí wáyà ti lè débi iná.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dìde fún mi díẹ̀? Iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe."

"Ṣé ẹ rò pé ayò lèmi ń ta ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Samiratou kó tó mọ̀. Nígbà tí yóò fi padà sí Kútọnu, "Samira mi" ni Géraud, ọmọ ìlú Lagbé yìí, ń pè é, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i ju ẹran ọdún lọ.

Iṣẹ́ Géraud kò ṣòro láti ṣàlàyé, béèyàn bá ní sùúrù. Ilé iṣẹ́ Samiratou ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ẹni tó ń rà á lè rò pé ẹ̀rọ kan ló ń dá òun lóhùn, àmọ́ ètò kéékèèké bí ogójì ló wà lẹ́yìn: ọ̀kan ń gba orúkọ, ọ̀kan ń wá ìjókòó, gbogbo wọn ń ránṣẹ́ síra wọn láìsinmi. Géraud ṣe irinṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ó pè é ní Alóre. Alóre ló ń fi hàn ètò tó ń bá èkejì sọ̀rọ̀, èyí tó ń falẹ̀, èyí tó ti dákú. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé: ẹni tó bá wù lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rí àbùkù rẹ̀ lè kọ àtúnṣe ránṣẹ́ sí i.

Bàbá Samiratou, Alájì Ràmọ́nù, kò lóye rẹ̀ rárá.

"Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, ó wá ń pín in?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló wá ń jẹ? Pé onígbàgbọ́ ni kò dùn mí, ọmọ mi. Àbúrò mi náà fẹ́ onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n kó níṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Madame Larissa, ọ̀gá Samiratou, pè é.

"A nílò irinṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ àwọn ètò wa. Ọ̀kan wà tí a máa sanwó fún, ọ̀kan wà lọ́fẹ̀ẹ́, Alóre lorúkọ rẹ̀. Dán Alóre wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o kọ rapport, ìròyìn ohun tí o bá rí. Tó bá dára, a ó gba ẹni tó ṣe é síṣẹ́."

Ayọ̀ gbá Samiratou láyà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ pé àfẹ́sọ́nà òun ló ṣe é. "D'accord, Madame" nìkan ló sọ. Ẹ̀rù bà á kí wọ́n má lọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó sọ fún Géraud, ohun kan péré ni Géraud bẹ̀ ẹ́: "Wò ó bí o ṣe máa wo ti ẹlòmíràn, ìfẹ́ mi."

Ọ̀sẹ̀ méjì, Alóre ń ṣe dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Samiratou fi kọ̀ǹpútà da ayédèrú èrò bò ó, bí irú èrò tó máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tọ́dún bá ku ọ̀la. Ètò méjì dákú. Alóre ṣì ń tan iná àwọ̀ ewé, ó ní àlàáfíà ni gbogbo wọn wà. Samiratou wá ìdí rẹ̀ títí tó fi rí i. Ó kọ àtúnṣe rẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án péré ní èdè kọ̀ǹpútà, ó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́.

Kò fi ránṣẹ́. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ará ọ́fíìsì létí: lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní ó bá ọkùnrin rẹ̀ tún iṣẹ́ ṣe tán kó tó yìn ín. Kó má baà dà bí ẹni tó ń ṣojúsàájú, ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kọ ibi tí àbùkù náà wà, ó sì fi kún un pé Alóre kò ṣeé fọkàn tán. Wọ́n lọ sanwó fún irinṣẹ́ kejì, Madame Larissa sì fi rapport náà ránṣẹ́ sí Géraud.

Lọ́jọ́ Àìkú tí Samiratou wálé, Géraud wá bá a nílé bàbá rẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn.

"Àbùkù tí o rí, òótọ́ ni. Kò dùn mí," Géraud sọ. "Àmọ́ nọ́ńbà ìlà tó bàjẹ́ gan-an lo kọ sínú rapport. O mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Samiratou ò lè purọ́. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ pàápàá."

"Mo ní kí o wò ó bí o ṣe máa wo ti ẹlòmíràn. Quand même, Samira! Àwọn tí o ò mọ̀ rí, o máa ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí wọn. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, wàá ti ran ẹni náà lọ́wọ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Géraud. Jọ̀ọ́."

"Ẹ̀rù kí wọ́n má mọ̀ pé o fẹ́ràn mi." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó kí Alájì, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Samiratou fi ìlà mẹ́sàn-án náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Géraud gbà á wọnú Alóre, àmọ́ kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí Samiratou mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ kan ní Dakar tó ń lo Alóre gbà á síṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti gbéyàwó. Alájì Ràmọ́nù, tí kò tíì gbọ́, ṣì ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè: "Ọmọ Lagbé yẹn ńkọ́? Ó ti níṣẹ́ báyìí, àbí?"

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Madame Larissa tún pe Samiratou.

"Èyí tí à ń sanwó fún ti wọ́n jù. Padà lọ wo Alóre fún wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, Madame, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ṣe é, èmi ló fẹ́ fẹ́ nígbà yẹn."

Madame Larissa wò ó tìyanutìyanu.

"Ìyẹn náà ni o ò lè sọ fún mi? Ǹ bá ti gbé e fún Régis tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ká sì jọ wá jẹun ìgbéyàwó yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Madame," Samiratou dáhùn, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ kí omijé tó bọ́.