Ìpá Tí Wọ́n Tì Padà Kò Tíì San

Alágbàfọ̀ kan ń fún aṣọ ìbùsùn tó rin gbingbin lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé dé.

"Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe òní ni wọ́n ní kí o padà wá sí ilé ìwòsàn?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ara mi ti dá ṣáká. Kókó yẹn ò yọ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tó ti ń gbé korobá omi, ni kókó kan yọ láàárín ikùn àti itan rẹ̀. Ìrora náà pọ̀ débi pé ó ń bì. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Dókítà ní ìpá ni. Ẹnu yà á, torí ó rò pé ọkùnrin nìkan ló ń ní in. Dókítà rọra ti kókó náà padà sínú, ó sì fún un níwèé pé kó wá rí oníṣẹ́ abẹ.

Màmá, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ránṣọ, fa àpótí, ó jókòó.

"Bí àpò ìrẹsì bá lu, tí o kó èyí tó dà padà sínú rẹ̀, ṣé o ti rán àpò?"

"Rárá, Màmá."

"Ihò tí ìfun gbà yọ ṣì wà níbẹ̀. Bí ìfun bá tún yọ tó há, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé inú rẹ̀ mọ́, ó sì lè pààyàn. Nígbà tí wọ́n ti ìpá bàbá ọkọ rẹ padà, òun náà ní ara òun ti yá. Èmi náà gbà á gbọ́. Ó tún yọ, ó há, ọjọ́ kẹsàn-án la sin ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni dókítà tó ṣàlàyé fún mi."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. "Aṣọ àwọn oníbàárà wá ńkọ́?"

"Ṣé ọwọ́ mi rọ ni? Pe ọkọ rẹ, kẹ́ ẹ jọ máa lọ."

Ni ìyá ẹni àádọ́rin ọdún bá ká apá aṣọ sókè, ó kọjú sí ọpọ́n.

Oníṣẹ́ abẹ yẹ alágbàfọ̀ wò, ó dá ọjọ́ fún un, wọ́n sì rán ihò náà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Màmá ò jẹ́ kó gbé ohun tó wúwo. Bí oníbàárà bá ń kùn, á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, àbí kẹ́ ẹ wá bá mi fọ̀ ọ́!"

"Ìyá tó bí mi ò lè ṣe jù báyìí lọ," ni alágbàfọ̀ ń sọ fún ẹni gbogbo.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ìpá bá gbé yín dé pàjáwìrì, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà wá àti ẹni tí ẹ ó rí. Ẹ lọ, kódà bí kò bá dùn yín mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá tún yọ tó le, tó ń dùn yín, tí ẹ ń bì tàbí tí ẹ ò lè yàgbẹ́, ẹ má dúró dọjọ́ kankan. Ẹ sáré padà sí pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin ni yín o, obìnrin ni yín o, kò sí ìtìjú nínú àìsàn.