Kì í Ṣe Ọdún Obìnrin

Lọ́jọ́ tí Graciete Moutinho pàdé Metty, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń bú. Ẹranko aláìnítìjú náà ti ya àpò oúnjẹ rẹ̀ níbi tó ti ń dúró de tírámù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ó sì ti gbé ẹja díndín tí ìyá rẹ̀ dì fún un lọ. Graciete bọ́ bàtà kan dání. Ó fi Potogí ṣépè fún un, ó fi Faransé pè é lólè, ó wá fi èdè onílùú, èdè Luxembourg gan-an, bi í pé ṣé ojú ò tì í ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹun, ó ń wò ó.

"Ẹ fi Jámánì gbìyànjú," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Bóyá ìyẹn á dẹ́rù bà á."

Graciete yíjú pa dà. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ aṣọ àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ìlú, iyẹ̀pẹ̀ kún orúnkún rẹ̀, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ṣé ìwọ lo ni ín ni?"

"Rárá o. Inú ọgbà tí mò ń tọ́jú ló ń gbé ṣá. Ẹ jẹ́ n fi kọfí bá a bẹ̀ yín."

"Kọfí kẹ̀? Ẹja ìyá mi nìyẹn!"

"Kọfí àti kéèkì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O ti ń gbọ́n."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin yìí, kí n sọ tòótọ́, ahọ́n rẹ̀ kì í sinmi. Ọ́fíìsì dókítà eyín ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gbàlejò níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà onílùú dé, ó fi èdè wọn kí wọn. Àwọn tó ń ti ẹnubodè Faransé wá ṣiṣẹ́ dé, ó yí i sí Faransé. Jámánì ló fi ń kọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń pẹ̀tù sí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí eyín ń dà láàmú. Tó bá wá délé, Potogí ni, torí ìyá rẹ̀ Deolinda, tó ti ń fọ ilé onílé láti ìgbà tó ti dé ìlú náà, kò gbọ́ èyí tó kù dáadáa. Èdè yẹn nìkan ni Graciete fi ń sinmi.

Metty sì fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn gba àfonífojì ìlú, torí ẹranko kékeré kan báyìí tó máa ń sùn lábẹ́ mọ́tò ti jẹ gbogbo wáyà mọ́tò Metty. Metty á na ìka sí pẹ́pẹ́yẹ, á fi èdè onílùú dárúkọ rẹ̀. Graciete náà á fi Potogí dá a lóhùn.

"Tún un pè, ayọ̀ mi."

"Kí n tún un pè kí o lè fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Kí n lè máa wo ẹnu rẹ ni."

Ìyá Metty, ìyẹn Nelly Thinnes, ló wá pe ọmọbìnrin náà wá jẹun ọ̀sán. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àfi bí fóònù Graciete ṣe dún, tó sì fi Potogí dá ìyá rẹ̀ lóhùn lórí tábìlì. Nelly gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ọmọ mi, èdè wa là ń sọ nínú ilé yìí. A ò pọ̀. Tá a bá fi ṣeré, ó máa kú mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bímọ, mi ò fẹ́ gbọ́ Potogí lẹ́nu rẹ̀."

"Mà, èdè yín náà ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ọmọ mi ò wá ní lè bá ìyá tó bí mi sọ̀rọ̀ ni?"

Ó wo Metty. Metty ń gé pòtétò. Ó gé e, ó tún un gé. Ó dun Graciete dọ́kàn. Ó dìde, ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ìyá mi ò ní di odi lójú ọmọ mi láéláé. Ẹ kú oúnjẹ o."

Metty pè é lórí fóònù títí, kò gbé e.

Ọjọ́ Ìsinmi Búrẹ́dì Lílọ́ wá dé, láàárín Lẹ́ńtì. Lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin máa ń gbé búrẹ́dì dídùn kan tí wọ́n lọ́ bí okùn lọ fún ọmọbìnrin tó wù ú. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, á fún un ní ẹyin lọ́jọ́ Àjíǹde. Bí kò bá gbà, apẹ̀rẹ̀ òfìfo ló máa fún un. Ọdún tí Fébúárì bá fi ọjọ́ kan gùn sí i nìkan ni obìnrin máa ń gbé búrẹ́dì lọ, ọdún yẹn kò sì sí lára wọn.

Metty ò yọjú. Ẹ̀rù apẹ̀rẹ̀ òfìfo ń bà á. Graciete dúró lójú fèrèsé títí di ọ̀sán, inú wá bí i. Wọ́n ní kó má sọ Potogí, ṣé wọ́n á tún ní kó má gbé búrẹ́dì ni? Ó ra èyí tó tóbi jù, ó sì kan ilẹ̀kùn Nelly.

Nelly wo búrẹ́dì náà lókè nílẹ̀. "Kì í ṣe ọdún obìnrin."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà jẹ́ n wọlé."

Metty wà nídìí tábìlì; Graciete gbé e síwájú rẹ̀. "Mi ò wá bẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ débi pé inú ara mi ń bí mi. Tó o bá gba èyí, o ti gba gbogbo ahọ́n mi nìyẹn, àti ìyá mi, àti fóònù rẹ̀ lórí tábìlì. Tí o ò bá lè gbà á, kí ẹ̀yin méjèèjì fi mu kọfí."

Ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ẹnì kan kanlẹ̀kùn ilé Deolinda. Metty ni, ó di ẹyin tí wọ́n fi èèpo àlùbọ́sà pa láró mú. Potogí tí kò gún ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín. Mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mi ò ní dákẹ́ mọ́."

"Ta ló kọ́ ọ?" Graciete bi í láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Omi ti lé sí i lójú.

"Fóònù mi ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn ni mo fi ń dánra wò láràárọ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó gbé oúnjẹ mi lọ."

Graciete rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè kúrò lójú rẹ̀. "Màmá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń bínú. Wọ́n láwọn ò ní wá síbi ìgbéyàwó. Mo ní a máa fi àga kan sílẹ̀ dè wọ́n, a ò sì ní torí ẹ̀ sún ọjọ́ síwájú."

Graciete gba ẹyin náà, ó gbá a mọ́ àyà.

Deolinda ti yíjú sí ilé ìdáná. Ó fi Potogí sọ̀rọ̀ sẹ́yìn, kíákíá, bó ṣe máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Graciete ya ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀.

"Má wulẹ̀ túmọ̀ ẹ̀," Metty wí. "Wọ́n ní kí n wọlé, ẹja ti ń tutù."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.