Ẹyẹ Aláṣọ Tí Bọ́tìnì Fà Ya

"Màmá, ó tún ti jẹ bàtà yín," ni ọmọ ọmọ mi wí.

Bàtà mi kejì nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bọ́tìnì jókòó tì í, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ajá náà kì í ṣe tiwa. Ti ìyá aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kàn wá ni. Kò tóbi ju ológbò lọ, àmọ́ eyín rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí ìyá aránṣọ ń lọ sí ọ̀sìbítù kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, ó gbé ajá náà lé ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún o. Òun nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé."

Tẹ́ẹ́rẹ́ là ń pe ọmọ náà nítorí bó ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni.

Mo ní ká lọ wá ohun tí ajá máa fi ṣeré lẹ́nu, kí bàtà mi lè rímú mí. Baba tó ń ta nǹkan ẹran ọ̀sìn kó oríṣiríṣi sílẹ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìyá, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. "Tí kò bá tẹ̀, ó le jù, á kán ajá léyín. Tí gbogbo rẹ̀ bá lè wọ ẹnu rẹ̀ tán, ó kéré jù, á há a lọ́fun. Èyí tó bá sì ní ìlẹ̀kẹ̀, okùn tàbí fèrè nínú, ajá tó ń fa nǹkan ya á gbé e mì."

Èmi ò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ ìyẹn yé mi. Bí a ṣe ń yan nǹkan fún ọmọ tó ń hu eyín náà ni. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́. Ohun tí mo ti fi ìka yọ lọ́fun wọn kò lóǹkà. Mo tọ́ka sí òrùka rọ́bà dúdú kan tó rọ̀ níwọ̀nba, tó sì tóbi ju ẹnu Bọ́tìnì lọ. Mo ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ mú un, mo bá jáde lọ jókòó nítorí orúnkún mi.

Nígbà tí a délé, ẹyẹ aláṣọ pupa kan ló jáde nínú ọ̀rá. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ níkùn, á han.

"Rọ́bà yẹn ńkọ́?"

"Baba yẹn ní ẹyẹ ló dáa jù fún ajá kékeré, Màmá."

Mo gbà á gbọ́. Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ní kó ya fọ́tò ajá náà wá, ojú sì ń tì í láti fi ohun tó jọ taya hàn wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́tìnì kò jẹun, ó sì ń bì. Mo ní àárò ìyá aránṣọ ló ń sọ ọ́. Nígbà tí mo bi Tẹ́ẹ́rẹ́ pé ẹyẹ dà, ó ní ó wà níta.

Lọ́jọ́ kẹta, ajá kò lè dìde mọ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, Bọ́tìnì ké.

"Kí ló gbé mì?"

"A ò mọ̀," ni mo wí.

"Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ò ń wolẹ̀?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ mi orí.

Dókítà mú abẹ́rẹ́. "Tó bá jẹ́ inú rírun lásán, èyí á dá èébì dúró, ẹ máa gbé e lọ sílé. Tí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, ilé yẹn ló máa kú sí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mo tún ń béèrè."

Tẹ́ẹ́rẹ́ di ọwọ́ dókítà mú. "Ẹ dúró, mà. Ó fa ẹyẹ ya. Mo kó òwú rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àpótí mi, àmọ́ mi ò rí fèrè inú rẹ̀. Baba yẹn ò sọ pé ó dáa. Irọ́ ni mo pa fún Màmá."

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tiwa gbé fèrè mì.

Ó dùn mí, àmọ́ mi ò bínú dé ibi tí mo rò. Èmi náà fọ́ àwo ìyá mi nígbà kan, mo ní ewúrẹ́ ni. Wọ́n na ewúrẹ́ náà níṣojú mi. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ojú ewúrẹ́ yẹn ò tíì kúrò lójú mi.

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ajá wọlé. Ó la ikùn rẹ̀, ó yọ fèrè tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó ní ká ní a fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni, ajá ì bá ti kú.

Nígbà tí ìyá aránṣọ dé pẹ̀lú báńdéèjì lójú, mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun ló máa sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ tán, kò yọ ọjọ́ méjì tó fi dákẹ́ sílẹ̀.

Ìyá aránṣọ fọwọ́ wá ajá rẹ̀. Ìka rẹ̀ dé ikùn, ó ń fọwọ́ pa ojú òwú tí wọ́n fi rán ọgbẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló rán èyí?"

"Dókítà ni, mà."

"Ó gún ju tèmi lọ." Ó yíjú sí Tẹ́ẹ́rẹ́. "O mọ̀, o sì ń wò ó. Ìyẹn dùn mí ju ti ẹyẹ lọ, Tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú mi kò tíì ríran dáadáa. Ta ló máa tọ́jú ọgbẹ́ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà."

"Ó dáa. Gbé e, rọra."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó wu ojú yín lè máà dára fún ẹni tí ẹ fẹ́ fún. Ẹ wo ẹnu ajá kẹ́ ẹ tó wo ẹnu ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá sì ṣi nǹkan yàn, ẹ tètè sọ ọ́. Àṣìṣe Tẹ́ẹ́rẹ́ kò ju fèrè kékeré kan lọ. Ọjọ́ méjì tó fi dákẹ́ ló fẹ́ẹ̀ pa Bọ́tìnì.